Ohun Tí Wọ́n Ní Télọ̀ Abọ́dúndé Wò

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kọkànlá, nígbà tí aṣọ ìdúpẹ́ ìkórè ti kún ṣọ́ọ̀bù dé ẹnu ọ̀nà, Ọmọ́níkẹ́ gbé ojú sókè níbi tó ti ń fọwọ́ ṣẹ́ etí gáùn kan, ó sì rí i pé ìpéǹpéjú òsì ọkọ òun ti wú. Ó pọ́n, ó ń dán, kókó kan tó tó ẹ̀wà wà ní etí rẹ̀ gan-an, níbi tí irun ojú ti ń hù. Ọkùnrin náà ń ṣẹ́jú bí ẹni tí iyanrìn bọ́ sí lójú.

Ọmọ́níkẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ má tíì dá a lẹ́jọ́. Ta ni nínú wa tí kò ní sọ ohun tó sọ?

"Bàbá Rótìmí, ìhòòhò ta lẹ lọ yọjú wò?"

Láti kékeré la ti ń gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, pé ẹni tó bá yọjú wo ìhòòhò ẹlòmíràn ni eéwo máa ń yọ sí ní ìpéǹpéjú. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń fi ṣe ara wọn ní yẹ̀yẹ́, ìyàwó ń fi yọ ọkọ lẹ́nu. Abọ́dúndé kò tilẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí maṣíìnì tó fi dáhùn.

"Tìẹ ni. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń wò ó, òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yọ síta."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ẹni kẹta tó wà níbẹ̀ náà rẹ́rìn-ín: Làbákẹ́, tó ń ta léèsì ní ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé tiwọn, tó wá yá sísọ́ọ̀sì. Ó rẹ́rìn-ín ju tọkọtaya náà lọ, ó sì gbé ẹ̀rín náà àti sísọ́ọ̀sì jáde.

Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ irú ẹni tí wọ́n fẹ́ bà jẹ́ yìí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Abọ́dúndé Ọlánípẹ̀kun. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tó bọ́ sílẹ̀ ní Jíbówú pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo. Aṣọ obìnrin ló kọ́, aṣọ obìnrin náà ló ń rán títí di òní. Láti ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tó ti gba ṣọ́ọ̀bù yìí lẹ́yìn ọjà Tejuoso, kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn obìnrin kankan rí. Bí kọ́sítọ́mà bá dé, Ọmọ́níkẹ́ ni yóò mú téèpù, òun àti obìnrin náà á wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì, Abọ́dúndé á jókòó sídìí maṣíìnì, á gbé ìwé lé itan. Ìyàwó á máa pè é látinú ibẹ̀ bí ẹni ń pe orúkọ ọmọ ilé ìwé: "Àyà, méjìlélógójì. Ìbàdí, mẹ́rìndínláàádọ́ta. Gígùn apá, mẹ́rìnlá." Òun á máa kọ ọ́. Àwọn télọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Wọ́n ní télọ̀ wo ló ń fi etí wọn èèyàn? Abọ́dúndé á ní òun bí ọmọbìnrin, bí òun ṣe fẹ́ kí wọ́n wọn ọmọ òun níta nìyẹn. Ọ̀rọ̀ parí.

Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ di ayọjúwòhòòhò láàárín ọjọ́ méjì.

Ní Ọjọ́rú, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Christianah wọlé. Ó gba ilé sí Yaba, ó ń ṣiṣẹ́ nínú ọ́fíìsì kan tí wọ́n ti ń tẹ kọ̀ǹpútà títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Aṣọ ìdúpẹ́ ìyá rẹ̀ àti tirẹ̀ ló gbé wá lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Ó kí Ọmọ́níkẹ́, kò kí Abọ́dúndé. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ gba aṣọ wa padà."

"A ò tíì gé e."

"Mo mọ̀ mà. Ẹ kó o fún mi bẹ́ẹ̀."

Abọ́dúndé dìde, ó yọ aṣọ náà lábẹ́ tábìlì, ó ká a dáadáa, ó sì gbé e lé e lọ́wọ́. Kò béèrè nǹkan kan. Ọmọ́níkẹ́ ni kò lè gbà. Ó tẹ̀ lé ọmọ náà dé orí àtẹ̀gùn.

"Christianah, mo wọn ẹ́ lọ́dún tó o wọ yunifásítì. Kí la ṣe fún ẹ?"

"Ẹ̀yin kọ́ mà."

"Ta wá ni?"

Ọmọ náà ń fi ìka pa etí ọ̀rá aṣọ náà. "Wọ́n ní Dádì máa ń wo èèyàn lẹ́yìn kọ́tìnnì. Wọ́n ní eéwo yẹn ló tú àṣírí wọn."

"Ta ni 'wọ́n'?"

"Gbogbo láìnì ṣọ́ọ̀bù yìí ni mà." Ó gbé ojú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ẹ má bínú mà. Wọ́n ní ẹnu ẹ̀yin gan-an ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Pé ìyàwó ẹ̀ ló bi í níṣojú èèyàn pé ìhòòhò ta ló lọ yọjú wò."

Ọmọ́níkẹ́ di irin àtẹ̀gùn mú. Ó ti ń múra láti bú ẹni tó pa irọ́ náà, àṣé ilé rẹ̀ ni irọ́ náà ti jáde.

Kò padà sí ṣọ́ọ̀bù wọn. Ọ̀dọ̀ Làbákẹ́ ló yà sí. Ó bá a tó ń ká léèsì, ó ń jẹ ẹ̀pà.

"Làbákẹ́, kí lo sọ nípa ọkọ mi?"

"Èmi, Ẹ̀gbọ́n? Ohun tẹ́ ẹ sọ náà ni mo sọ. Mi ò fi ẹyọ kan kún un. Ṣé àwàdà yín ò wá dùn mọ́ ni?"

"Àwàdà láàárín tọkọtaya nìyẹn!"

"Àwàdà náà nìyẹn." Làbákẹ́ ju ẹ̀pà kan sẹ́nu. "Ṣùgbọ́n, Ẹ̀gbọ́n, mo kàn ń béèrè ni o, ẹ má bínú. Dígí ńlá tó wà lẹ́yìn kọ́tìnnì yẹn, ṣé ọkọ yín ò lè rí inú ẹ̀ láti ìdí maṣíìnì?"

"Kí aṣọ lè dára lára kọ́sítọ́mà ni dígí ṣe wà níbẹ̀!"

"Ìbéèrè ni mo béèrè. Mi ò ní ó ń wò ó."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Wọn kò ní kan èèyàn mọ́gi gbangba. Wọn á béèrè. Wọn á ní ẹ má bínú. Nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́, ìbéèrè náà á ti di ìdáhùn.

Bí wọ́n sì ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wá ṣe dókítà fún un níwájú. Èyí ní kó fi àtàǹpàkò ra àtẹ́lẹwọ́ títí yóò fi gbóná, kó fi tẹ eéwo náà. Òmíràn ní omi ọmú obìnrin tó ń tọ́mọ ló ń pa á. Ẹni kẹta gbé ìgò oògùn ojú kan wá, èyí tó ṣẹ́ kù lára ti ọmọ-ọmọ rẹ̀ nígbà tí àpólò jà. Abọ́dúndé kán an, torí kí wọ́n lè fi í lọ́rùn sílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ mọ́, ìpéǹpéjú náà ti wú débi pé ojú kò ṣí mọ́. Ó bá ra awò dúdú kan lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri ní Ojú Ẹlẹ́gbà, ó wọ̀ ọ́ wá síbi iṣẹ́, kí ojú má baà máa ti òun.

Àṣìṣe ńlá! Kò tíì tó wákàtí kan tí ọ̀rọ̀ fi yí padà. Wọ́n ní ẹ ò rí i? Ó ti fi awò bojú, ká má baà mọ ibi tó ń wò.

Ọmọ́níkẹ́ bínú sí Làbákẹ́, ó bínú sí gbogbo láìnì, ó bínú sí ẹnu ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wá gbọ́ ohun tó dùn ún jù, èyí tí kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Dígí yẹn ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ó ti gbé pẹ̀lú ọkùnrin yìí láti ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, wọ́n jọ bí Rótìmí àti Adéfúnmiláyọ̀, wọ́n jọ ń jí gbàdúrà ní aago márùn-ún, síbẹ̀ ìbéèrè obìnrin kan tó ń jẹ ẹ̀pà ti kó sí i lórí.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ yẹn, Abọ́dúndé jáde lọ ra òwú. Ọmọ́níkẹ́ wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Ó mú gáùn pupa kan, ó fi í kọ́ ẹ̀yìn kọ́tìnnì níbi tí àwọn obìnrin máa ń dúró sí, ó fa kọ́tìnnì dé ibi tí wọ́n máa ń fà á dé. Ó wá jókòó sórí àga ọkọ rẹ̀ nídìí maṣíìnì, ó sì wo òkè kọ́tìnnì, níbi tí orí dígí ti yọ.

Fáànù ló rí. Fáànù, òrùlé, àti ìdajì kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ó tẹ̀ sọ́tùn-ún, fáànù. Ó tẹ̀ sósì, kàlẹ́ńdà. Ó na ọrùn títí ó fẹ́ẹ̀ ṣubú, kò rí okùn kan lára gáùn pupa náà.

Nígbà tó yíjú padà, Abọ́dúndé ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti bọ́ awò, ó mú un lọ́wọ́ pẹ̀lú òwú.

"Kí lo rí?" ó bi í.

Ọmọ́níkẹ́ sáré dìde lórí àga náà.

"Mo bi ọ́ ni. Orí àga mi lo jókòó sí. Kí lo rí níbẹ̀?"

"Fáànù."

"Fáànù." Ó rọra kó òwú náà sórí tábìlì, ó tò ó ní àwọ̀ ní àwọ̀. "Tí iṣẹ́ ìkórè yìí bá ti parí, yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé ni màá máa rán. Ṣòkòtò àwọn ọmọkùnrin."

Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn fún un. Ogójì ọdún ni ọkùnrin yìí ti fi ń wá bí èjìká gáùn ṣe ń jókòó láìfún èèyàn lábíyá, ó wá fẹ́ lọ máa rán ìdí ṣòkòtò káàkì, nítorí kókó kan tí kò tó nǹkan.

Ọmọ́níkẹ́ ń gbàdúrà bí wọ́n ṣe ń lọ sílé wọn ní Mushin, ṣùgbọ́n àdúrà tó ní ìbínú nínú ni. Ó ní, "Olúwa, ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Bó bá jẹ́ pé gbogbo ojú tó wo ohun tí kò yẹ ló ń yọ eéwo, ta ni ì bá tún ríran ní Èkó yìí?"

Adéfúnmiláyọ̀ ló pè lórí fóònù nírọ̀lẹ́ tó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. "Mọ́mì, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní láìnì yẹn, ta ni dókítà nínú yín? Ẹ gbé Dádì lọ sí ọsibítù ojú láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ jọ̀ọ́, kí ojú wọn má lọ bàjẹ́."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dé ilé ìtọ́jú ojú kan ní Surulere lọ́jọ́ Ẹtì. Dókítà tan iná sí ojú náà, ó yí ìpéǹpéjú sókè, ó wò ó, ó kọ ìwé, ó sì ní kí wọ́n lọ bá Nọ́ọ̀sì Lubabah. Obìnrin tó síngbọnlẹ̀ ni Nọ́ọ̀sì Lubabah, ó fi híjáàbù funfun wé orí, ohùn rẹ̀ sì le bíi ti olùkọ́ ìṣirò.

Ọmọ́níkẹ́ ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tó fi béèrè tirẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣàánú mi. Ṣé lóòótọ́ ni pé ẹni tó bá wo ìhòòhò èèyàn ló ń ní nǹkan yìí?"

Nọ́ọ̀sì gbé bírò sílẹ̀. "Mà, kí n tó wá síbí, ọdún méje ni mo lò ní yàrá ìgbẹ̀bí. Kò sí irú ìhòòhò tí mi ò tíì rí. Ẹ sún mọ́bí. Ẹ wo ojú mi dáadáa. Eéwo mélòó lẹ rí níbẹ̀?"

Abọ́dúndé rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ Ajé, ẹ̀rín àkọ́kọ́ nìyẹn.

"Bàbá, ẹ gbọ́," ni nọ́ọ̀sì wí. "Àwọn ihò wínníwínní wà ní etí ìpéǹpéjú gbogbo wa. Ibẹ̀ ni òróró ń gbà jáde tí ojú kì í fi í gbẹ. Bí nǹkan bá dí ọ̀kan, tí kòkòrò àìsàn sì wọ ibẹ̀, á wú, á pọ́n, á máa dunni. Ohun tó ṣe yín nìyẹn. Kò mọ ẹni mímọ́, kò mọ ẹlẹ́ṣẹ̀. Ọmọ ìkókó pàápàá ń ní in. Láàárọ̀ tẹ́ ẹ bá jí, ṣé nǹkan bí ìpẹ́ máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí irun ojú yín?"

"Ó ti lé lọ́dún márùn-ún," ni Ọmọ́níkẹ́ dá a lóhùn. "Ó máa ń yún wọn. Eruku aṣọ la pè é."

"Ẹ wá ń fọwọ́ ra á?"

"Ọwọ́ tí mo fi ń mú ṣọ́ọ̀kì," ni Abọ́dúndé wí.

"Ìyẹn ló bí èyí. Etí ìpéǹpéjú yín ti ń ṣàìsàn tipẹ́, òun ló ń dí àwọn ihò yẹn." Nọ́ọ̀sì fa táwẹ̀lì kékeré kan yọ láti fi hàn wọ́n. "Ẹ rẹ èyí tó mọ́ sínú omi gbígbóná tí ọwọ́ lè gbà. Kì í ṣe omi híhó o, ẹ má bó ara yín. Ẹ fún un, ẹ dijú, ẹ gbé e lé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tó bá ti ń tutù, ẹ tún un rẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́. Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ fi òwú mímọ́ àti omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nu ìpẹ́ yẹn kúrò ní ìdí irun ojú. Èyí tẹ́ ẹ ó máa ṣe lọ nìyẹn, kódà tí eéwo bá ti lọ. Ọwọ́ fífọ̀ ṣáájú. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má tú u, ẹ má bá ẹnikẹ́ni lo táwẹ̀lì kan náà. Dókítà ti kọ oògùn tẹ́ ẹ máa fi sí i."

"Èyí ńkọ́?" Ọmọ́níkẹ́ mú ìgò oògùn àpólò yẹn jáde nínú báàgì.

"Ti ta ni?"

"Ọmọ-ọmọ aládùúgbò wa."

Nọ́ọ̀sì ju ìgò náà sínú garawa ìdọ̀tí láìwo orúkọ tó wà lára rẹ̀. "Tó bá jẹ́ àpólò ni, ẹyinjú ni ì bá pọ́n, omi ì bá máa dà, gbogbo ilé ni ì bá sì ti kó o. Oògùn ojú ẹlòmíràn kì í ṣe ẹ̀bùn." Ó wá fi ìka lu orí tábìlì bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó tó lọ tán. Tó bá di kókó líle tí kò dun yín mọ́, tó wá kọ̀ tí kò lọ lẹ́yìn oṣù kan, ẹ padà wá, a máa ń là á, kì í pẹ́. Tó bá ń padà yọ sójú kan náà ṣáá, tàbí irun ojú ibẹ̀ ń re, ẹ má dúró sílé. Ṣùgbọ́n tí gbogbo agbègbè ojú bá wú, tí ara gbóná, tàbí ẹ rí i pé ẹ ò ríran dáadáa mọ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ wá."

Ọmọ́níkẹ́ ti ya ìwé kan, ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń kọ ìwọ̀n aṣọ. Ọ̀nà ni wọ́n ti ra táwẹ̀lì funfun mẹ́rin. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ojú ti ṣí, wíwú ti fà, kókó náà ti ń kéré.

Ojú ń san. Orúkọ ni kò san. Kọ́sítọ́mà mẹ́ta míì ti wá kó aṣọ wọn.

Gbogbo ọjọ́ Ajé ni àwọn oníṣọ́ọ̀bù láìnì náà máa ń pàdé níwájú ṣọ́ọ̀bù Alhájà Àmínát, àgbà wọn, kí ọjà tó bẹ̀rẹ̀. Mùsùlùmí á ṣàdúrà, Kìrìsìtẹ́nì á ṣàdúrà, wọ́n á jọ ṣe àmín. Lọ́jọ́ Ajé yẹn, Alhájà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ́ ọwọ́ ni Ọmọ́níkẹ́ dìde.

"Alhájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbàdúrà. Ẹnu tí a fẹ́ fi bẹ Ọlọ́run yìí, òun náà la fi ba ọkọ mi jẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Èmi ni mo sì kọ́kọ́ ya tèmi."

Ó yíjú sí àwọn yòókù.

"Àwàdà ni mo ṣe. Àwàdà tí ìyá mi ṣe, tí ẹ̀yin náà ń ṣe. Ẹ sì wo ohun tó dà. Mo tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Ọlọ́run àti lọ́wọ́ ọkọ mi. Ó wá ku ẹ̀yin."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà lẹ wá sọ ọ́ báyìí," ni Làbákẹ́ wí. "Ohun tẹ́ ẹ sọ lèmi náà sọ."

"Ta ló fi dígí kún un?"

Gbogbo orí yí sọ́dọ̀ Làbákẹ́. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. "Mo kàn béèrè ni."

"Ó dáa. Torí pé o béèrè, wá gba ìdáhùn. Àga ọkọ mi ń bẹ níbẹ̀, dígí ń bẹ níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń rí, kó lọ jókòó síbẹ̀ fúnra ẹ̀. Ó yá, ẹ dìde!"

Ó rò pé ojú á tì wọ́n. Ojú kò tì wọ́n. Wọ́n dìde! Abọ́dúndé ń ṣí ilẹ̀kùn lọ́wọ́ nígbà tó rí ọ̀wọ́ obìnrin tó ń bọ̀. Kò wọ awò. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo wọn, ó sì yẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Alhájà ló kọ́kọ́ jókòó sórí àga náà. Ọmọ́níkẹ́ dúró lẹ́yìn kọ́tìnnì, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Alhájà, ṣé ẹ rí mi?"

"Mi ò rí ẹ. Fáànù ni mò ń rí."

Ẹnì kejì jókòó, fáànù. Ẹnì kẹta, fáànù àti kàlẹ́ńdà. Àwọn méje ló jókòó lórí àga ọkùnrin tó ń fi etí wọn èèyàn, tí ọkùnrin náà sì dúró síta bí ẹni tí ọlọ́pàá ń tú ilé ẹ̀. Làbákẹ́ ló jókòó kẹ́yìn. Ó pẹ́ níbẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó na ọrùn, ó gbé ìdí sókè, ó fẹ́ẹ̀ gun orí maṣíìnì.

"Ṣé o ti rí i?" ni Ọmọ́níkẹ́ pè látẹ̀yìn kọ́tìnnì.

"Fáànù ni," ni Làbákẹ́ wí, ohùn rẹ̀ kéré.

Alhájà Àmínát jáde lọ bá Abọ́dúndé. "Télọ̀, mo gbọ́ ọ láti Ọjọ́rú. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, mo sì dákẹ́. Mo ṣẹ̀ yín. Ẹ forí jì mí." Abọ́dúndé dọ̀bálẹ̀ fún un, torí àgbà ni.

Òun nìkan ló tọrọ ìdáríjì. Àwọn yòókù? Obìnrin kan ló béèrè pé kí ló wá fa eéwo náà gan-an. Ọmọ́níkẹ́ sọ fún wọn: ihò òróró, ìpẹ́ ìdí irun ojú, táwẹ̀lì gbígbóná. Kó tó parí, wọ́n ti yí i ká. Èyí ń yí ìpéǹpéjú rẹ̀ sókè pé, "Ìyá Rótìmí, ẹ bá mi wo tèmi," èyí ní kókó kan ti wà lójú òun láti ọdún àjíǹde tó kọjá, kò dun òun, ṣé wọ́n á là á? Wọ́n gba ìtọ́jú tán, wọ́n kí i pé ó ṣeun, wọ́n lọ ṣílẹ̀kùn wọn. Kò sí ẹni tó rántí ọkùnrin tó dúró síta. Ọmọ́níkẹ́ ò tíì bínú tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti dáyé.

"Ẹ forí jì mí," ló wí fún ọkọ rẹ̀ nígbà tó ku àwọn méjì, ó sì kúnlẹ̀ sáàárín àjákù aṣọ.

"Àwàdà yẹn ò dùn mí. A jọ rẹ́rìn-ín ni." Abọ́dúndé ń nu maṣíìnì. "Ti orí àga yẹn ló dùn mí."

"Mo mọ̀."

"Àwọn èèyàn wọ̀nyẹn ò mọ̀ mí. Ìwọ mọ̀ mí."

Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ títí ọkọ rẹ̀ fi na ọwọ́ sí i. Kò sọ pé ó ti tán. Ó fà á dìde, ó ní kó lọ gbé omi kaná, aago mẹ́wàá ti fẹ́ẹ̀ lù, òun ò tíì lo táwẹ̀lì àárọ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, Alhájà fúnra rẹ̀ ló pe Christianah lórí fóònù. Ọmọ náà padà gbé aṣọ wá, ó kúnlẹ̀ kí Abọ́dúndé, omi sì wà lójú rẹ̀. Nínú àwọn mẹ́ta yòókù, ẹnì kan padà. Àwọn méjì kò padà mọ́ títí dòní, wọ́n ti fún télọ̀ míì. Ọ̀rọ̀ yunifọ́ọ̀mù ò tún jáde lẹ́nu Abọ́dúndé, Ọmọ́níkẹ́ náà ò sì béèrè.

Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìkórè, wọ́n jọ jókòó, Ọmọ́níkẹ́ ń so bọ́tìnnì, ọkọ ń gé àwọ̀tẹ́lẹ̀ gáùn. Ohùn Làbákẹ́ ń gba orí ògiri wọlé láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kọ́sítọ́mà kan ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Ìhòòhò kẹ̀! Àǹtí, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Àìmọ̀kan ló ń dààmú àwọn èèyàn wa. Ihò òróró ló dí. Ẹ rẹ táwẹ̀lì tó mọ́ sínú omi gbígbóná, ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ o! Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún wọn níbí yìí, wọn kì í gbọ́."

Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Ọmọ́níkẹ́. "Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ kí ni?" Ó ti dìde, ó ti ń wá sálúbàtà. "Ẹ gbọ́ ohun tí obìnrin yìí ń sọ! Làbákẹ́! Ẹ jẹ́ kí n lọ bá a."

"Jókòó," ni Abọ́dúndé wí.

"Mi ò ní jókòó! Òun náà ló..."

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló pè é. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá nìkan ló gbàgbé." Ó ń rẹ́rìn-ín. "Tó o bá máa lọ, ìyẹn nìkan ni kó o lọ bá a fi kún un."

Ọmọ́níkẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú sálúbàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lọ́wọ́, inú ń bí i. Ó yọrí síta.

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá!" ló ké mọ́ wọn. "Kó sì fọ ọwọ́ ẹ̀!"